Èsì sí oníbàárà tí sìpàgẹ́tì rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, tí mákàrónì rẹ̀ sì le

Ẹ ṣé gan-an tí ẹ kò fi ohun tójú yín rí bò. Ìràwọ̀ méjì péré tí ẹ fún ọjà wa dùn wá, àmọ́ àlàyé yín kún tó: 500 gíráàmù sìpàgẹ́tì nínú omi líítà 2, òróró ṣíbí kan, ẹ dé e pa, ó di ìṣùpọ̀. Mákàrónì tí ẹ fi ṣe sàláàdì wá le lọ́jọ́ kejì, ohun tí ẹ fi pò ó sì pòórá. Ọ̀ràn méjì ni, oògùn wọn kò jọra.

Ti sìpàgẹ́tì, omi ló kéré. Láàárín ìṣẹ́jú 2 àkọ́kọ́ nínú omi tó ń hó, sítáàṣì ara rẹ̀ á wú, á máa lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù. Bí méjì bá fara kanra láìsí ẹni tó ń rò ó, wọ́n ti so pọ̀ nìyẹn, ibi tí wọ́n ti so kò sì ní jinná bíi ti yòókù. 100 gíráàmù, omi líítà 1. Tiyín ń fẹ́ líítà 5. Bí ìkòkò kò bá gbà á, ẹ se ìdajì. Iyọ̀ ṣíbí tíì kan àtààbọ̀ fún líítà kan tó. Ẹ jẹ́ kí omi hó dáadáa kí ẹ tó dà á sí i, kí ẹ sì máa rò ó fún ìṣẹ́jú 2 yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ lè sinmi.

Òróró yẹn, òfò ni. Ó léfòó sókè, pásítà (sìpàgẹ́tì tàbí mákàrónì) wà nísàlẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń sẹ́ ẹ ló ń rí i mú, ọbẹ̀ á wá máa yọ̀ lára rẹ̀. Ìdérí wúlò kí omi tó hó. Bí pásítà bá ti wọlé, ẹ ṣí i, kí ìfófòó má baà kún dà sórí iná.

Bó bá ku ìṣẹ́jú 2 kí àkókò ara pákẹ́ẹ̀tì pé, ẹ mú ọ̀kan, ẹ gé e, ẹ wo àárín rẹ̀. Bí ojú funfun kékeré bí orí abẹ́rẹ́ bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ gbé e, inú ọbẹ̀ ni yóò ti jinná tán. Ẹ bu omi rẹ̀ ife kan pa mọ́ láti fi tú ọbẹ̀ tó bá ki. Ẹ má fi omi ṣan èyí tí ẹ máa jẹ ní gbígbóná.

Ti sàláàdì yàtọ̀ pátápátá. Sítáàṣì tó bá tutù máa ń padà le, nítorí náà ẹ sè é kọjá àkókò ara pákẹ́ẹ̀tì ní ìṣẹ́jú 1 sí 2. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi yín: àkókò oúnjẹ gbígbóná nìkan la kọ síbẹ̀, a ò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi omi tútù ṣan án títí ọwọ́ kò fi ní gbọ́ ooru mọ́, kí ẹ sì gbọn asẹ́ dáadáa, torí omi máa ń sá pa mọ́ sínú ihò mákàrónì. Òróró díẹ̀ wúlò níbí. Nínú ohun tí ẹ fẹ́ fi pò ó, ẹ lo ìdá méjì nínú mẹ́ta. Mákàrónì á mu ún. Ìyókù, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni kí ẹ dà á sí i. Kó má pẹ́ ju wákàtí 2 lọ níta fíríìjì.

Bí ẹ bá sè é báyìí tó ṣì lẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀yìn pákẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí wa, a ó pààrọ̀ rẹ̀.