Kí ẹ tó ra mọ́tò oníná, ẹ kọ́kọ́ bi iṣẹ́ yín léèrè

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè irú mọ́tò oníná tó dára jù fún ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ ṣiṣẹ́ ní Marina, èrò ọkàn mi rèé: ẹ kọ́kọ́ pinnu bóyá Marina lẹ ó ṣì máa lọ ní ọdún mẹ́ta sí àkókò yìí. Ẹni tí kò bá rí ìyẹn dáhùn, kò tíì tó àkókò fún un láti máa yan bátìrì.

Mo mọ̀ pé yóò bí àwọn kan nínú, torí owó epo ń ta gbogbo wa lára. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, epo tí kò tó 200 náírà lítà kan fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,000. Èmi náà mú bírò àti ìwé, mo ṣírò.

Ìkòròdú sí Marina tó kìlómítà 40. Àlọ àti àbọ̀, 80. Pẹ̀lú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wa yìí, mọ́tò elépo tí kò tóbi púpọ̀ á jẹ lítà 9 lójúmọ́. Ẹ jẹ́ ká fi 900 náírà ṣe lítà kan, ó di 8,100. Mọ́tò oníná á lo nǹkan bíi yúníìtì 15 lórí ìrìn kan náà, yúníìtì kan náà tí à ń rà sínú mítà ilé wa. Ní Band A, ìyẹn ìpele àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná púpọ̀ jù fún, 209.50 náírà ni wọ́n fi yúníìtì kan sí ní oṣù keje ọdún 2024. Ó di 3,142. Kódà tí ẹ bá fi èyí tó máa ṣòfò nínú wáyà kún un, kò dé ìdajì owó epo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù ni inú hó-ọ̀pù. Mọ́tò elépo tó dúró sójú kan ní Mile 12, tó tan A.C., ń jó bíi lítà kan ní wákàtí kan láìrin ibì kankan. Oníná ní tirẹ̀, tó bá ti dúró, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti dúró nìyẹn. A.C. àti rédíò nìkan ló ń jẹun. Tí ẹ bá tún tẹ bíréèkì, ó ń dá lára iná tó lò padà sínú bátìrì. Eré àsápajúdé lórí Third Mainland ló ń gbẹ bátìrì, kì í ṣe Kẹtu àti Òjótà. Nítorí náà ẹni tó ń sọ pé mọ́tò oníná kò bá hó-ọ̀pù Èkó mu, kò tíì bi ẹni tó mọ̀.

Ibi tó ti lè kò wá lójú ni ilé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán tí à ń lò á fún mọ́tò ní yúníìtì méjì lé díẹ̀ ní wákàtí kan, èyí túmọ̀ sí pé yúníìtì 15 á gbà tó wákàtí méje. Band A ni wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún lójúmọ́. Band B, 16, C, 12, D, 8, E, 4. Ta ló sì máa sọ fún yín pé wákàtí mẹ́jọ ti Band D á bọ́ sí òru tí mọ́tò wà nílé? Ó lè jẹ́ aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n máa mú un wá, nígbà tí ẹ̀yin àti mọ́tò wà ní Marina. Ẹ má sì sọ pé ẹ máa fi jẹ́ẹ̀nì ṣáàjì rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ń yọ bíi yúníìtì méjì nínú lítà kan. Lítà méje àbọ̀ ni yúníìtì 15 máa jẹ. Ẹ kúkú bu epo náà sínú Corolla yín kí etí aládùúgbò sinmi.

Ti ayálégbé tún yàtọ̀. Ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì fẹ́ ju wáyà gba ojú fèrèsé wálẹ̀ sínú ọgbà ilé tí mítà kan ṣoṣo wà fún gbogbo ilé. Mo fẹ́ rí láńdílọ́ọ̀dù tó máa gbà.

Nítorí èyí ni mi ò ṣe gbà pẹ̀lú àwọn tó ń fi ọ̀nà jíjìn yan bátìrì. L'Ékòó, iye alẹ́ tí iná lè má wá ló yẹ ká fi yàn án. Nissan Leaf ti 2018, mọ́tò oníná tí bátìrì rẹ̀ ń gba yúníìtì 40, àjọ EPA ti Amẹ́ríkà sọ pé ó lè rin kìlómítà 243. Hyundai Kona oníyúníìtì 64 ń rin 415. Kìlómítà 80 lójúmọ́ kò nílò 415 rárá, àmọ́ Kona lè fara da òru mẹ́ta tí iná kò wá kó tó di ìṣòro. Leaf á ti máa wojú yín ní ọjọ́ kẹta. Tó bá jẹ́ pé Marina ni mo máa máa lọ fún ọdún márùn-ún, Kona ni mo máa rà, bó tilẹ̀ gbówó lórí.

Ẹ ṣọ́ra fún Leaf tòkunbọ̀ àtijọ́, pàápàá àwọn tó kọ́kọ́ jáde láti ìparí 2010. Bátìrì wọn kò ní omi tó ń tù ú lójú, ooru sì ni ọ̀tá bátìrì. Ní Arizona tí oòrùn ti ń mú, àwọn tó rà á ti ń pariwo ní 2012 pé bátìrì ń kú kíákíá. Lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, lápá ọ̀tún, igi kéékèèké 12 wà tó ń sọ bí bátìrì ṣe lágbára tó. Ẹ kà á kí ẹ tó dúnàádúrà. Ẹ tún béèrè bóyá omi ti bo mọ́tò náà rí. Lẹ́yìn ìjì Ian ní Florida ní 2022, àwọn mọ́tò oníná tí omi iyọ̀ wọ̀ gbiná fúnra wọn, irú mọ́tò tí omi bò bẹ́ẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbá ní gbàǹjo lọ́hùn-ún. Ẹ wo wáyà ṣáàjì tó bá a wá pẹ̀lú: òmíràn nínú ti Amẹ́ríkà, fólítì 120 nìkan ló lè gbé. Tẹ̀ ẹ́ mọ́ 230 tiwa, kí o gbọ́ ariwo.

Ó tán lórí mọ́tò.

Lóru ọjọ́ tí mo fi ìṣírò yìí han ìyàwó mi, ó kà á tán, ó ní, "Dádì, ṣé mọ́tò lẹ fẹ́ rà ni, àbí ẹ fẹ́ sá kúrò níbi iṣẹ́?" Mi ò rí nǹkan sọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Owó epo ni làpálàpá. Wákàtí tí mò ń lò lójú ọ̀nà ni ẹ̀tẹ̀, mọ́tò oníná kò sì ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ lórí Third Mainland. Inú hó-ọ̀pù kan náà la jọ máa wà, èmi nínú ìdákẹ́jẹ́, onídáńfó nínú èéfín. Bọ́ọ̀sì BRT ló ní ojú ọ̀nà tirẹ̀: wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 ní 2008, wọ́n fà á dé Ìkòròdú ní 2015. (Ẹ̀yin ará Mile 2, ẹ má bá wa dá sí i. Ọkọ̀ ojú irin oníná ti ń gbé yín lọ Marina láti 2023.)

Ohun tó wá ń bà mí lẹ́rù ni gbèsè. Mọ́tò tuntun, ẹ̀yáwó ọdún mẹ́rin, owó oṣù ni wọ́n á máa yọ ọ́ nínú. Ìyẹn ni pé ẹni tí iṣẹ́ ti sú ti fọwọ́ ara rẹ̀ so ara rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́rin sí i, nítorí mọ́tò tó rà láti fi máa lọ síbẹ̀. Mo rí i lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní báńkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kì í tilẹ̀ ṣe mọ́tò oníná ni wọ́n rà.

Iṣẹ́ tó ń wù mí gan-an, inú wíwá mọ́tò yìí ni mo ti rí i. Mo mú rìwáyà àdúgbò wa lọ wo Leaf kan. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí wáyà aláwọ̀ ọsàn, ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "fólítì 12 ni mo mọ̀ lára mọ́tò, kò lè pa èèyàn. Èyí lé ní 350. Mi ò fọwọ́ kàn án." Ọlọ́gbọ́n ni. Àmọ́ ta ló máa fọwọ́ kàn án? Inú bátìrì Leaf àkọ́kọ́, mọ́dúù 48, ìyẹn àwọn bátìrì kéékèèké tí wọ́n so pọ̀, ló wà níbẹ̀. Bí díẹ̀ bá kú nínú wọn, gbogbo rẹ̀ á máa ṣe bí aláìsàn, ẹni tó bá sì lè mọ àwọn tó kú, kó pààrọ̀ wọn láìkú sídìí rẹ̀, owó ń dúró dè é ní Ládípọ̀.

Kì í ṣe lónìí o. Ẹni tó bá sọ pé kí ẹ fi báńkì sílẹ̀ lọ́la lọ máa tún mọ́tò oníná ṣe l'Ékòó fẹ́ kí ebi pa yín, mọ́tò náà kò tíì pọ̀ tó. Àmọ́ bátìrì lithium ti wọ ilé àwọn èèyàn pẹ̀lú ínfátà àti sólà, ìmọ̀ kan náà ló sì ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ìyẹn ló lè bọ́ èèyàn títí mọ́tò náà á fi pọ̀. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mo mọ̀ pé àwọn tí mo máa bá níbi ìkọ́ṣẹ́ á máa pè mí ní Dádì. Kí wọ́n máa pè mí.

Ní báyìí, mo ti kọ̀wé ní báńkì pé kí wọ́n gbé mi wá sí ẹ̀ka Ìkòròdú, bí wọ́n tilẹ̀ máa yọ àwọn owó kan kúrò lára owó oṣù mi. Tí wọ́n bá gbà, mi ò nílò Kona mọ́. Leaf àtijọ́ tí kò lè rìn ju kìlómítà 70 mọ́ á tó mi lọ, á tó mi bọ̀, ọjọ́ Sátidé ni mo sì máa tú u láti fi kọ́ṣẹ́. Tí wọ́n bá kọ̀, BRT ni màá ṣì máa wọ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀, owó mọ́tò á wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lo Leaf l'Ékòó ju ọdún kan lọ, ẹ dákun, igi mélòó ló kù nínú 12 tiyín? Ẹ sọ ọdún tí wọ́n ṣe mọ́tò náà mọ́ ọn, àti bóyá inú oòrùn lẹ ń gbé e sí.