Ṣé ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ rà fún wa?

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ní ìpàdé ìlú ní Ìsánlú, bàbá kan dìde, wọ́n ní tí owó ìlera bá wọlé, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́ ni kí ìjọba kọ́kọ́ rà. "Oògùn ibà, a lè wá owó ẹ̀. Èyí tí apá wa ò ká ni kí wọ́n bá wa gbé." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ síbi ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, bíi wákàtí 4 lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà 156 nìyẹn lọ́dún, fún ẹnì kan ṣoṣo, àfi tó bá rí ẹni fún un ní kíndìnrín. Omi tó ń gba inú ẹ̀rọ náà kọjá lẹ́ẹ̀kan tó nǹkan bíi lítà 120, omi tí wọ́n ti sẹ́ kínníkínní ni. Ríra ẹ̀rọ náà kọ́ ni iṣẹ́. Bíbọ́ ọ ni.

Ẹ wá wo ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò. Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, tí orí ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, gìrì lè máa bọ̀ yẹn. Oògùn tó ń dènà rẹ̀ ni magnesium sulphate, omi kedere nínú ìgò tí kò ju ìka lọ. Ìwádìí tó jáde ní 2002, tó kan àwọn aboyún tó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè 33, fi hàn pé ó dín ewu gìrì náà kù ju ìdajì lọ. Owó rẹ̀ ò pọ̀. Àmọ́ tí kò bá sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù, níbo ni ọkọ ti máa rà á ní aago 2 òru? Ibi tí ọ̀rọ̀ bàbá ti ṣìnà nìyẹn. Nínú 100 náírà tá à ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní 70 tó ń ti àpò ará ilé wá, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì máa ń bèèrè rẹ̀.

Mi ò ní kí wọ́n pa oníkíndìnrín tì. Mo mọ ilé tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀. Nígbà tí Thailand bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera fún gbogbo ènìyàn ní 2002, fífọ ẹ̀jẹ̀ ò sí níbẹ̀; 2008 ni wọ́n fi kún un, èyí tí aláìsàn lè fi omi ṣe nínú ikùn nílé ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn aláìsàn mìíràn ò wà láàyè dé 2008. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Òfin Ìlera ti 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán 1 nínú 100 owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ohun kan ni mo máa bi alága: ṣé ìgò kékeré yẹn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn wa lálẹ́ òní?