Ẹ Bá Mi Kí Nọ́ọ̀sì Oníbàtà Pupa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ya fídíò orin fún àwọn ọmọge Kòríà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín. Láti ìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi n'Íbàdàn ni mo ti ń rí iṣẹ́ ọwọ́ yín láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ẹ ti ṣe ohun tí Elédùmarè gan-an ò ráyè ṣe: ẹ ti dá obìnrin tí kì í làágùn. Yóò jó, yóò fò, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò dìde, àtíkè ojú rẹ̀ ò ní mì. Èmi tí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé ara mi lásán, tìróò mi á ti ṣàn dé àgbọ̀n.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì yẹn ló pa mí.

Ẹ mọ èyí tí mò ń sọ. Oṣù kẹwàá ọdún 2020, BLACKPINK, ẹgbẹ́ akọrin ọmọge kan ní Kòríà, gbé "Lovesick Girls" jáde, Jennie tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn sì wà níbẹ̀ nínú aṣọ nọ́ọ̀sì. Aṣọ náà fún mọ́ ọn lára débi pé bó bá sín pẹ́rẹ́, bọ́tìnì á fò. Fìlà funfun wà lórí. Bàtà gogoro pupa wà lẹ́sẹ̀. Òun náà ló tún ṣe aláìsàn tó wá rí nọ́ọ̀sì, ìyẹn sì dáa, torí aláìsàn wo ló máa gbà kí ẹni tó múra báyẹn gún òun lábẹ́rẹ́?

Ẹ jẹ́ ká ro ti bàtà yìí dáadáa. Mo gbóríyìn fún ẹni tó yàn án. Aago méjì òru, omi tí wọ́n fà sí bàbá kan lára ti tán ní bẹ́ẹ̀dì ìkángun, nọ́ọ̀sì wa ń bọ̀: kọ́, kọ́, kọ́, kọ́. Gbogbo wọ́ọ̀dù ti jí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wálẹ̀, ó tún ti ru. Ìyá tó ti ń rẹ ọmọ láti ìrọ̀lẹ́, ọmọ ti figbe ta. Ẹni tó ń nulẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi Izal sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì dé ibẹ̀, ó yọ̀ ṣọ̀ọ̀, ó di bẹ́ẹ̀dì mú, bẹ́ẹ̀dì ní táyà, ni òun àti bàbá olómi bá gba ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ lọ láìjẹ́ pé dókítà ránṣẹ́ sí wọn. Síríńjì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè bẹ̀rẹ̀ mú un, aṣọ ò gbà. Ṣùgbọ́n kò sí ìyọnu. Bí abẹ́rẹ́ bá tán pátápátá nílé ìwòsàn, yóò bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, yóò fi gìgísẹ̀ rẹ̀ gún wa. Pupa tí wọ́n sì yàn, ọgbọ́n ńlá ni: ẹ̀jẹ̀ ò ní hàn lórí ẹ̀.

Ọdún tí wọ́n ṣe é ló dùn mí jù. 2020! Ọdún Kòrónà! Àwọn nọ́ọ̀sì gidi wà nínú ọ̀rá látorí dé ẹsẹ̀ nílùú Daegu, ìbòmú ti kọlà sí wọn lójú. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera ní Kòríà fárígá, wọ́n ní kí ni irú ìwọ̀sí báyìí. YG, ilé iṣẹ́ tó ń darí BLACKPINK, kọ́kọ́ ní iṣẹ́ ọnà ni, àwọn ò ní nǹkan kan lọ́kàn. Nígbà tí ariwo ò rọlẹ̀, wọ́n gé ibẹ̀ kúrò.

Nọ́ọ̀sì tí èmi mọ̀ ní kékeré, kánfáàsì funfun ló ń wọ̀, àyà ló ń fi aago rẹ̀ há sí. A kì í gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Òórùn sípíríìtì la fi ń mọ̀ pé ó ti dé. Bó bá ti ní "ẹ yí ìdí wá," bàbá olóyè tó fi gbogbo àárọ̀ jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀ á yíra padà wọ́ọ́rọ́wọ́. Obìnrin nìyẹn! Ta ló ya fídíò tiẹ̀? Èmi àti bàtà gogoro kúkú ti ní ẹjọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí tì mí sínú ọ̀kan níbi ìgbéyàwó àbúrò mi, ìka ẹsẹ̀ mi tó kéré jù ò tíì padà sáyè rẹ̀ títí dòní. Ẹ jẹ́ n padà sí Kòríà kí n má baà sunkún.

Yunifọ́ọ̀mù ló pọ̀ nínú àwọn fídíò wọ̀nyí, iṣẹ́ ni ò sí. Ẹgbẹ́ Girls' Generation wọ aṣọ ọmọ ogun ojú omi nínú "Genie" ní 2009, n ò mọ omi tí wọ́n ń ṣọ́. Lọ́dún kan náà, nínú "Gee", wọ́n di ère tí wọ́n ń wọ aṣọ fún ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin tó ń tajà á lọ, àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán á wá jí. Mẹ́sàn-án! Ọ̀gá ò sí nílé, aṣọ kún ṣọ́ọ̀bù bámúbámú. Kí ni wọ́n wá ṣe? Orin ìfẹ́ ni wọ́n ń kọ! Ká ní àwa obìnrin ilé wa ni wọ́n gbàgbé sínú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ìbá mọ́ bá ìṣó àti ògiri lásán.

Ẹgbẹ́ Orange Caramel tilẹ̀ di ẹja ní 2014, wọ́n dì wọ́n sínú ọ̀rá, wọ́n lẹ iye owó mọ́ wọn. Àwọn yẹn ń ṣẹ̀fẹ̀ ni, mo sì rẹ́rìn-ín. KBS, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Kòríà, ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀: wọ́n ní kò bọ̀wọ̀ fún ẹ̀mí ènìyàn, wọn ò gbé e sáfẹ́fẹ́. Ó wá yé mi pé ọjà títà kọ́ lẹ̀ṣẹ̀. Kí iye owó má ti hàn ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àǹtí, ayé ti yí padà, wọ́n ti di akíkanjú báyìí." Mo gbọ́. Jennie kan náà jókòó lórí tánkì ogun tó ń dán yinrinyinrin nínú "Ddu-Du Ddu-Du" ní 2018. Ta ló ń wà á? Ẹ̀rín ni wọ́n gbà lójú obìnrin, wọ́n fi ìbínú rọ́pò rẹ̀, gìgísẹ̀ bàtà ò kúrú sí i. SM, YG, JYP, àwọn ilé iṣẹ́ orin ńlá ní Kòríà, orúkọ ọkùnrin tó dá wọn sílẹ̀ ló wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilé iṣẹ́ ló ń pinnu ọdún tí ọmọbìnrin máa fi ìka ya omijé sábẹ́ ojú, báwọn Twice ṣe ṣe nínú "TT", ilé iṣẹ́ náà ló ń pinnu ọdún tó máa gun tánkì. Soyeon ti ẹgbẹ́ i-dle, tí wọ́n ń pè ní (G)I-dle tẹ́lẹ̀, ń kọ orin ẹgbẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, sàdáńkátà fún un. Irú rẹ̀ mélòó ló wà?

Ẹ̀yin olólùfẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ra fọ́tò wọn ńkọ́? Ṣé ẹ rò pé mo gbàgbé yín ni? Ní 2018, Irene ti Red Velvet sọ pé òun ka ìwé kan lórí ohun tójú obìnrin ń rí ní Kòríà. Ó ka ìwé! Kò jalè, kò purọ́. Àwọn ọkùnrin tó ń pariwo orúkọ rẹ̀ lánàá gé fọ́tò rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé lè rí wọn. Aláìnítìjú gbogbo! Àwọn yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n tò síwájú nọ́ọ̀sì ìgbà èwe mi. Kó mú abẹ́rẹ́ tó nípọn jù, kó má sì fi òwú nu ibẹ̀.