Ẹni Ọmọ Sin Ló Bímọ

Kò sí ìsìnkú àgbàlagbà tí a ó ṣe ní Òṣogbo, láti Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun dé Òkè-Baálẹ̀, tí ẹnìkan kò ní pa á létí àwọn ọmọ olóògbé pé, "Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ." Bí àwọn àgbà ẹbí bá ti pa òwe náà tán, wọn a dákẹ́, wọn a sì máa wo ojú àwọn ọmọ, nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n lọ wá màlúù, kí wọ́n mú aṣọ ẹbí, kí wọ́n gba àtíbàbà àti olórin, kí ojú má baà ti ìdílé. Èmi kò gbà pé ohun tí òwe náà ń sọ nìyẹn, ó sì yẹ kí a máa sọ bẹ́ẹ̀ níṣojú àwọn tó ń pa á.

Ẹ wo apá àkọ́kọ́ rẹ̀ tí a máa ń sáré kọjá. Ọmọ ò láyọ̀lé: kò sí ẹni tó lè fi ọmọ tó ń tọ́ lọ́wọ́ yangàn, nítorí ikú lè mú un lọ lọ́la. Àwọn tó kọ́kọ́ pa òwe yìí gbé ayé nígbà tí ṣọ̀pọ̀ná àti ibà ń kó ọmọ lọ, tí ìyá kan lè bí mẹ́fà kí ó sì ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Orúkọ àbíkú tí a ṣì ń jẹ́ títí di òní jẹ́rìí sí i: Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrósinmi. Ìyá tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Dúrósinmi kò bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá pa màlúù lọ́jọ́ kan. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má kú ṣáájú òun. Bí ọmọ bá ti wà láàyè lọ́jọ́ tí òbí rẹ̀ wọlẹ̀, àdúrà inú òwe náà ti gbà, ìbáà ṣe ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan ni ó rí dà sí i.

Àwọn àgbà tún ní bí a ti ń ṣe é nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ní ìlú wa yìí, èèwọ̀ ibòmíràn náà kò jìnnà, yàrá kejì ló wà. Bàbá tó jẹ́ Mùsùlùmí kú láàárọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín. Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ Onígbàgbọ́ kú nínú agboolé kan náà, ó sì sùn sí mọ́ṣúárì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí pé àwọn ọmọ ń wá owó. Kò sí ẹni tó sọ pé wọn kò sin ẹ̀gbọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n kí àwa Mùsùlùmí má tíì yọ̀, nítorí owó tí a kò ná lọ́jọ́ ìsìnkú, fídáù ọjọ́ kẹjọ máa ń gbà á tòwó-tèlé. Ẹ̀sìn tó pàṣẹ pé kí a san gbèsè òkú kí a tó pín ogún rẹ̀, orí àdúrà rẹ̀ náà ni a wá ń jẹ gbèsè tuntun lé, nígbà mìíràn lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nígbà mìíràn lọ́wọ́ ṣógundogójì. Léèsì tó ti òkèèrè wá ni a sì ń tìtorí rẹ̀ yá owó náà, ní ìlú aró!

N kò ní purọ́ pé àwa la bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láyé ìjọun pàápàá, àwọn kan fi ara wọn tàbí ọmọ wọn sọfà nítorí owó ìsìnkú, ọmọ náà a sì máa ṣiṣẹ́ lóko olówó títí wọn yóò fi san owó náà tán. Nítorí náà, pípẹ́ tí àṣà kan pẹ́ kò tíì dá a láre. Àkàrà tí a máa ń dín bí arúgbó bá kú, tí a ń pín kiri àdúgbò, òun náà ti pẹ́, ẹ̀wà àti epo nìkan ló sì ń gbà.

Ẹni tó bá ní owó, kí ó ná an. Alásè àti onílù yóò rí jẹ níbẹ̀. Èyí tó ń dùn mí ni ti ìyá tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ń tán, tí àwọn ọmọ ń ní kí ó ṣe sùúrù dìparí oṣù, tí àwọn ọmọ kan náà sì rí owó màlúù láàárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Ẹbí kò pe ìpàdé kankan lórí oògùn. Orí màlúù ni wọ́n ti jókòó.

Ọmọ kò lè dá ẹnu sọ pé kí a dín ìnáwó ìsìnkú kù, ahun ni wọn yóò pè é. Òbí fúnra rẹ̀ ló lè sọ ọ́, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, kì í sì í ṣe ní kọ̀rọ̀ létí àrẹ̀mọ, bí kò ṣe níwájú baálé agboolé, ààfáà tàbí pásítọ̀ rẹ̀, àti àwọn àbúrò rẹ̀ tí ohùn wọn máa ń le jù lọ́jọ́ náà. Kí ó sọ ọ́ yanjú pé kí wọ́n sin òun kíá, kí wọ́n dín àkàrà, kí wọ́n má mú aṣọ ẹbí, kí owó tó bá sì wà nílẹ̀ lọ síbi ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ òun. Bí wọ́n bá ní èèwọ̀ ni, kí ó ní kí wọ́n dárúkọ ẹni tó fi èèwọ̀ náà lélẹ̀.