Ẹfúnṣetán Aníwúrà kò gbé májèlé jẹ

Ẹ bi ẹni tó ka lítíréṣọ̀ Yorùbá nílé ìwé léèrè bí Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, ṣe kú. Á ní Látòósà, Ààrẹ tó ń ṣàkóso Ìbàdàn nígbà náà, kógun wọlé rẹ̀, ó mú un lẹ́rú, ìtìjú sì mú kó gbé májèlé jẹ. Inú eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni májèlé yẹn wà. Eré náà gba ẹ̀bùn Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá ní 1966, ó di ìwé ní 1970, ó dé ilé ìwé, ó dé orí ìtàgé, ó wọ fíìmù. Ta ni yóò wá bá fíìmù jiyàn?

Samuel Johnson, àlùfáà ọmọ Yorùbá, parí ìwé ìtàn Yorùbá tirẹ̀ ní 1897, nígbà tí àwọn tó fojú rí Ìyálóde ṣì wà láyé. Ohun tó kọ nìyí. Ní May 1, 1874, Látòósà yọ Ẹfúnṣetán lóyè. Ẹ̀sùn mẹ́ta ló kà sí i lẹ́sẹ̀: kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, òun ti ogun dé, kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi. Ó parí. Kò sí ẹrú tí wọ́n bẹ́ lórí níbẹ̀, kò sí aboyún. Adétutù, ẹrú aboyún tí gbogbo wa sunkún nítorí rẹ̀, inú eré ló ń gbé.

Ìyálóde san owó ìtanràn, ó bẹ̀bẹ̀, Látòósà ò gbà. Kúmúyìílọ, ọmọ tí obìnrin náà gbà tọ́, ni wọ́n fowó rà. Lóru June 30, ẹrú méjì gba orí àjà sọ̀kalẹ̀ sínú yàrá tó sùn sí, wọ́n sì fọ́ ọ lórí.

Ẹ ò lè bá òǹkọ̀wé eré wí. Ẹni tó ń sùn kò lè fèsì fún ọ̀tá rẹ̀ lórí ìtàgé, òǹwòran sì fẹ́ kí àwọn méjèèjì kojú ara wọn kí aṣọ tó bò ó. Àmọ́ ẹ wo ohun tí májèlé náà ṣe: ó gba ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Látòósà, ó sì sọ ìpànìyàn di ìdájọ́.

A ò sọ pé ẹni jẹ́jẹ́ ni Ẹfúnṣetán o. Ẹrú inú oko rẹ̀ nìkan tó 2,000, kò sì sẹ́ni tó ń fi pẹ̀lẹ́tù kó irú wọn jọ.

Ẹ̀gbá ni bàbá rẹ̀, nítorí náà àwọn Ẹ̀gbá ránṣẹ́ wá béèrè ẹni tó pa á. Ní oṣù July, wọ́n pa ẹrú méjèèjì ní gbangba. Látòósà jókòó sórí oyè rẹ̀ títí ó fi kú lẹ́nu ogun Kírìjí ní 1885.