Kì í ṣe afẹ́fẹ́ ló dá Texas sókùnkùn

Fọ́tò yẹn ṣì wà lórí fóònù mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìbàdàn ló fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní February 2021. Hẹlikópítà kan dúró lójú sánmà, ó ń da nǹkan olómi sára abẹ̀bẹ̀ gàgàrà kan, irú èyí tí afẹ́fẹ́ máa ń yí tí wọ́n fi ń mú iná wá. Yìnyín ti bo apá abẹ̀bẹ̀ náà pátápátá. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Texas nìyí, ibi tí hẹlikópítà tó ń mu epo ti wá ń gba abẹ̀bẹ̀ tí kò fẹ́ epo sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá fi tiwọn kún un: "Ṣé o rí i? Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀ ń gbé gẹ̀gẹ̀ ló dá yín sókùnkùn un nì."

Inú ọkọ̀ ni mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí, torí inú ọkọ̀ nìkan la ti lè rí ooru díẹ̀. Alief ni mò ń gbé, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, Amẹ́ríkà, níbi tí àwa ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí débi pé èèyàn lè ra èlùbọ́ kó tó rí búrẹ́dì rà. Ooru la mọ̀ mọ́ ìlú yìí. Àmọ́ láàárọ̀ February 16, òtútù já sí 13 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, ìyẹn bíi 10 sísàlẹ̀ òdo lórí Celsius. Fíríìjì ò ṣiṣẹ́, mo wá gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ síta kó má bàa kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọbẹ̀ ti dì gbagidi, ṣíbí tí mo gbàgbé sínú rẹ̀ sì dúró ṣánṣán bí òpó iná. Òpó iná tí kò ní iná lára.

N kò bá ẹ̀gbọ́n mi jiyàn lọ́jọ́ náà, bátìrì fóònù mi ti fẹ́ kú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kú o. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé iná afẹ́fẹ́ àti sólà ò wúlò, Texas ló máa fi ṣẹ̀rí: ṣebí ẹ rí i, yìnyín bọ́, abẹ̀bẹ̀ dì, gbogbo ìlú ṣókùnkùn. Mo ti gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí òun náà ń gbé Houston níbí, tó gbọ̀n bí mo ṣe gbọ̀n.

Ká kọ́kọ́ palẹ̀ ọ̀rọ̀ fọ́tò mọ́. Sweden ni wọ́n ti yà á, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti yà á kí ọdún 2021 tó dé. Omi gbígbóná ni hẹlikópítà yẹn ń dà, wọ́n ń dán an wò bóyá ó lè yọ́ yìnyín. Kò kan Texas rárá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an rèé. Ìjì òtútù kan tí wọ́n pè ní Uri ló dé. ERCOT ni iléeṣẹ́ tó ń darí gíríìdì tó ń gbé nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 iná tí Texas ń lò. Nígbà tó fi máa di aago kan òru kọjá ní February 15, àwọn ẹ̀rọ amúnáwá ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ àsìkò yẹn gan-an ni gbogbo ilé tan hítà. Iná tó ń wọlé ò tó iná tí àwọn èèyàn ń fà mọ́. Ẹni tó bá ti gbé Nàìjíríà rí ò nílò àlàyé, ó mọ ohun tí à ń pè ní "gíríìdì ti wó". Ní Texas, ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 37 péré ló kù kí gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀. Kó má bàa wó, ERCOT pàṣẹ pé kí wọ́n já iná àwọn àdúgbò, títí iná tí wọ́n já fi tó 20,000 MW (mẹ́gáwáàtì, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn iná). Iná tí gíríìdì Nàìjíríà ń gbé lápapọ̀ lójoojúmọ́ kì í sábà ju 4,000 sí 5,000 lọ, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó lé ní mílíọ̀nù 4 ló wà lókùnkùn, àwọn kan fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin.

Ṣé abẹ̀bẹ̀ wá dì ni? Ó dì. N kò ní tìtorí pé mo fẹ́ràn iná afẹ́fẹ́ kí n máa parọ́. Ọ̀pọ̀ abẹ̀bẹ̀ Texas ni yìnyín dá dúró, torí àwọn tó rà wọ́n ò ra èyí tó ní ohun amóoru lápá, bí wọ́n ṣe ń rà á ní Sweden àti Canada, níbi tí abẹ̀bẹ̀ ti ń yí nínú òtútù tó ju tiwa lọ fíìfíì. Ibi tí irọ́ náà ti rí ẹsẹ̀ rìn nìyẹn, òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi èésú ṣàlàyé. Ẹni méjì ń dá èésú. Ẹni àkọ́kọ́ ní òun á mú 67,000 wá. Ẹnì kejì ní, ẹ̀yin èèyàn mi, ìgbà òtútù rèé, ọjà mi kì í yá lásìkò yìí, ẹ má ka tèmi ju 6,000 sí 7,000 lọ. Ọjọ́ pé. Ẹni tó ṣèlérí 67,000 mú nǹkan bí 43,000 wá. Ta lẹ máa dì lọ́rùn aṣọ mú?

Gáàsì, èédú àti núkílíà lẹni àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ lẹnì kejì, MW sì ni ohun tí wọ́n ń dá. ERCOT fúnra wọn mọ̀ kí ìjì tó dé pé afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ púpọ̀ ní ìgbà òtútù, wọn ò sì gbójú lé e. Gáàsì ni wọ́n gbójú lé. Nígbà tí àwọn àjọ méjì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, FERC àti NERC, gbé ìwádìí wọn jáde ní November 2021, wọ́n ka ẹ̀rọ 1,045 tó kọṣẹ́ ní Texas àti àwọn ìpínlẹ̀ tó wà nítòsí rẹ̀. Ìdá 58 nínú 100 jẹ́ ti gáàsì, 27 jẹ́ ti afẹ́fẹ́, 6 jẹ́ ti èédú, 2 péré jẹ́ ti sólà. Ìbúdó núkílíà tó wà nítòsí Bay City pàápàá pàdánù ọ̀kan nínú ẹ̀rọ rẹ̀ méjèèjì, torí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń wọn omi ti dì. Òtútù ò ṣojúsàájú.

Báwo ni gáàsì ṣe ń dì? Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n mi bi mí nìyẹn nígbà tí mo padà pè wọ́n, ìbéèrè gidi sì ni. Gáàsì fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń dì. Omi máa ń bá a jáde látinú ilẹ̀, omi yẹn ló ń dì lẹ́nu kànga, tó sì ń dí ọ̀nà, bí ìgbà tí ọ̀rá bá dí ihò síǹkì. Ìyẹn nìkan tiẹ̀ ti burú tó. Àmọ́ ẹ̀rọ ló ń ti gáàsì gba inú páìpù lọ síbi tí wọ́n ti ń sè é di iná, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ yìí ló sì ń lo iná gíríìdì. Nígbà tí àṣẹ dé pé kí wọ́n já iná, wọ́n já ti àwọn ẹ̀rọ yìí mọ́ ti àdúgbò. Kí ló fà á? Ìwé kan wà tí àwọn onígáàsì ì bá fi sọ pé "ẹ má já tiwa o, àwa là ń bọ́ iná", ọ̀pọ̀ wọn ò sì kọ ọ́. Ni iná ò bá sí torí gáàsì ò sí, gáàsì náà ò sí torí iná ò sí. Mo ka ibẹ̀ nínú ìròyìn náà lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé ojú mi ló ń ṣì mí.

Èyí tó wá ń dun èèyàn ni pé kì í ṣe ohun tí wọn ò mọ̀. Ní February 2011, òtútù dé Texas, kànga gáàsì dì, ẹ̀rọ dì, iná lọ fún mílíọ̀nù èèyàn. Wọ́n ṣe ìwádìí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ wọ páìpù yín láṣọ, ẹ fi ohun amóoru sára ẹ̀rọ, ẹ múra de òtútù. Ìmọ̀ràn ni, wọn ò sọ ọ́ di òfin. Owó ni nǹkan wọ̀nyẹn ń ná, òtútù irú ẹ̀ kì í sì í wá lọ́dọọdún. Àwọn tó ni iléeṣẹ́ fọwọ́ lẹ́rán.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìmúrasílẹ̀ lè ṣe, kó wo El Paso. Texas náà ni El Paso, òtútù 2011 sì nà wọ́n pa. Iléeṣẹ́ iná wọn náwó sórí ẹ̀rọ tó lè kojú òtútù. Nígbà tí 2021 dé, ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ níbẹ̀ ni iná lọ fún, kò sì pẹ́ tó fi padà. Ohun mìíràn ni pé El Paso ò sí lórí gíríìdì ERCOT, gíríìdì ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n so mọ́, aládùúgbò sì lè fún wọn níná. Àwa yòókù ńkọ́? Texas mọ̀ọ́mọ̀ dá gíríìdì tirẹ̀ dá wà ni, látìgbà ayé àwọn bàbá wọn, kí ìjọba àpapọ̀ ní Washington má bàa máa pàṣẹ fún wọn. Okùn tó so wá mọ́ ara ìta tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí ilé wa ń jó, a ò ní odi tí aládùúgbò lè na garawa omi gbà.

Ta ló wá pa irọ́ náà? Ní alẹ́ February 16, nígbà tí òtútù ń mú èmi gbọ̀n nínú ọkọ̀, Gómìnà Texas, Greg Abbott, wà lórí tẹlifíṣọ̀n Fox News, ó ń sọ pé afẹ́fẹ́ àti sólà tó kọṣẹ́ ló kó ìpínlẹ̀ náà síyọnu, àti pé ohun tí àwọn tó fẹ́ iná aláìléèéfín máa mú bá Amẹ́ríkà nìyẹn. Gómìnà kan náà ló sọ fún oníròyìn Texas pé gáàsì ti dì nínú páìpù. Ní ọjọ́ kejì, ó ní gbogbo irú iná ló kọṣẹ́. Àmọ́ ta ló ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ lórí WhatsApp? Kọmíṣọ́nà ètò ọ̀gbìn, Sid Miller, kọ ọ́ sórí Facebook pé kí wọ́n má ri abẹ̀bẹ̀ kankan mọ́lẹ̀ ní Texas mọ́. Kọmíṣọ́nà ọ̀gbìn o.

Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ẹgbẹ́ òṣèlú tiwọn gan-an, Republican, ló gbin abẹ̀bẹ̀ wọ̀nyẹn. George W. Bush, nígbà tó jẹ́ gómìnà Texas, fọwọ́ sí òfin 1999 tó ti iléeṣẹ́ iná sídìí afẹ́fẹ́. Lábẹ́ Rick Perry, gómìnà tó gbapò rẹ̀, Texas ná nǹkan bíi $7 bílíọ̀nù sórí okùn tó ń gbé iná afẹ́fẹ́ láti aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn wá sí àwọn ìlú ńlá. Kò sí ìpínlẹ̀ tó ń fi afẹ́fẹ́ mú iná wá tó Texas ní gbogbo Amẹ́ríkà. Afẹ́fẹ́ rọjú, ilẹ̀ pọ̀, owó ń wọlé fún àwọn olóko màlúù, gbogbo wọn ń jẹ, gbogbo wọn ń mu. Àfi ìgbà tí iná lọ, tí wọ́n wá ẹni tí wọ́n máa dẹ́bi fún. Afẹ́fẹ́ ò lè gba lọ́yà.

Ìjọba Texas ka òkú 246. Òtútù ló pa ọ̀pọ̀ wọn, nínú ilé ara wọn. Àwọn mìíràn tan ọkọ̀ nínú gáréèjì, tàbí wọ́n gbé ààrò ẹran sísun wọlé, èéfín sì pa wọ́n. Àwa tí a dàgbà sídìí jẹnẹrétọ̀ ni ìyá wa ti kìlọ̀ fún pé ìta ló ń gbé, àwọn tí iná kì í lọ fún ò ní ẹni tó sọ fún wọn.

Nígbà tó di June 2021, wọ́n ṣòfin pé ẹ̀rọ amúnáwá gbọ́dọ̀ múra de òtútù. Ti gáàsì falẹ̀. Àjọ tó ń bójú tó epo àti gáàsì ní Texas ń jẹ́ Railroad Commission (orúkọ rẹ̀ ló kù tó jẹ́ ti rélùwéè, kò bá rélùwéè ṣe mọ́), nínú ìlànà tí wọ́n sì kọ́kọ́ gbé jáde, onígáàsì lè san $150 kó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ òun sílẹ̀. Ariwo ló jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Ní November 2023, wọ́n ní kí aráàlú dìbò lórí àpò owó tí wọ́n fẹ́ máa yá àwọn tó bá fẹ́ kọ́ ilé amúnáwá tuntun. Aráàlú fọwọ́ sí i. Onígáàsì lè yá nínú rẹ̀, alábẹ̀bẹ̀ ò lè yá.

Gbogbo èyí ni mo rò fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Wọ́n gbọ́ mi, wọ́n ò dá mi lóhùn, mo sì mọ̀ pé wọn ò tíì gbà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pè wọ́n, ariwo jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ dáadáa. Wọ́n ní iná ti lọ láti ọjọ́ méjì.

Mo ní, "Kí ni wọ́n ní ó fà á, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Wọ́n ní gáàsì ò dé ilé amúnáwá Egbin."

Mo dákẹ́. Àwọn náà dákẹ́. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.