Àyà tí kò ta mọ́ kò fòpin sí àyẹ̀wò ọ̀nà ọ̀fun

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Iléṣà kọ ọ́ pé ẹni tí wọ́n bá ti jó ara tó fẹ́ di jẹjẹrẹ kúrò nínú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, tí àyà rẹ̀ kò sì ta á mọ́, kò nílò àyẹ̀wò kámẹ́rà kankan mọ́, èyí tí wọ́n ń fi okùn oníkámẹ́rà gba ẹnu wo ọ̀nà ọ̀fun. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù lè mú kí àyà rọlẹ̀ nígbà tí ara tó ti yí padà ṣì wà níbẹ̀.

Kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, dókítà máa ń já ẹran bíńtín fún àyẹ̀wò ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọ̀nà ọ̀fun, ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 1, nítorí pé ojú nìkan kò tó. Lẹ́yìn ìtọ́jú, ara tuntun lè bo èyí tó burú mọ́lẹ̀, ó sì lè tún yọ, pàápàá níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti pàdé ikùn. Ẹni tí ara tó yí padà náà ti sún mọ́ jẹjẹrẹ gan-an tẹ́lẹ̀ ni a sábà máa ń ní kó padà wá ní oṣù 3, 6 àti 12 lẹ́yìn ìtọ́jú, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Lóòótọ́, owó ọkọ̀ Iléṣà sí Ifẹ̀ fún àyẹ̀wò náà nìkan ti tó ìnáwó, ṣùgbọ́n kí aláìsàn bi dókítà rẹ̀ kó tó dá àyẹ̀wò náà dúró.